Háídírójìn Inú Àpò Ajílẹ̀ Wa

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ kọjá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń múra, ẹ ó rí àwọn tírélà tó di àpò funfun dé òkè, tí wọ́n fi tapólì bò, tí wọ́n sì kọrí sí apá àríwá. Ajílẹ̀ yúríà ni wọ́n kó. Iléeṣẹ́ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì ló ṣe é, iléeṣẹ́ tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022, tó lágbára láti ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 3 lọ́dún. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ nípa háídírójìn, gáàsì tí kì í tú kábọ́ọ̀nù jáde bí ó bá ń jó: àpérò l'Abuja, àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù, ìlérí pé Áfíríkà ni yóò máa kó agbára tó mọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó dárúkọ àpò yìí. Ó sì ń dùn mí, nítorí inú rẹ̀ ni háídírójìn tiwa wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣí iléeṣẹ́ náà wò. Gáàsì tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ Niger Delta bọ̀, mítéènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: kábọ́ọ̀nù kan, háídírójìn mẹ́rin. Wọ́n á pò ó mọ́ oru omi, wọ́n á tì í gba inú àwọn ọ̀pá irin tó ní níkẹ́ẹ̀lì nínú, tí iná ń jó lára wọn títí ooru ibẹ̀ á fi ju 800°C lọ. Níbẹ̀ ni mítéènì ti ń já. Háídírójìn á bọ́ sọ́tọ̀, kábọ́ọ̀nù á bá ọ́síjìn inú omi lọ, ó di CO2, gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Wọ́n á wá kó háídírójìn yẹn pọ̀ mọ́ nítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n á kì wọ́n pọ̀ tipátipá nínú ooru, ó di amóníà. Fritz Haber ló fi hàn ní 1909 pé ó ṣeé ṣe; Carl Bosch ló sọ ọ́ di iṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ní Oppau, ní Jámánì, ní 1913. Oúnjẹ tí apá púpọ̀ nínú aráyé ń jẹ lónìí, iṣẹ́ àwọn méjì yìí ló gbé e dúró.

Yúríà kì í ṣe amóníà nìkan o. Amóníà àti CO2 ni wọ́n pò pọ̀. CO2 tó já kúrò lára mítéènì níjọ́sí, òun náà ni wọ́n tún gbá mú, tí wọ́n fi ṣe ajílẹ̀. Nítorí náà, àwọn iléeṣẹ́ wa ti ń mú kábọ́ọ̀nù láti ìgbà tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀; wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún àpò kan ṣoṣo. Nínú yúríà kílò 50, háídírójìn tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ nǹkan bíi kílò 5. CO2 tí wọ́n dè mọ́ inú rẹ̀ tó kílò 37. Ẹ fi èyí tó bá èéfín ibi ìdáná, ìyẹn iná tó ń jó lára àwọn ọ̀pá irin yẹn, jáde lọ kún un, ẹ ó rí i pé kábọ́ọ̀nù tó bá àpò kan rìn kò jìnnà sí ìwọ̀n àpò náà fúnra rẹ̀.

Ibo wá ni kílò 37 yẹn ń lọ? Mo rí ìdáhùn rẹ̀ lóko ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń dá àgbàdo lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ó bu yúríà sínú abọ́, ó fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo kọ̀ọ̀kan, ó da ìwọ̀n ìdérí ìgò kan sí i, ó sì fi gìgísẹ̀ ti yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo bu díẹ̀ sọ́wọ́. Ó tutù nínú àtẹ́lẹwọ́ tó ti ń làágùn, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Níbi tí wọ́n gbé ti gbàgbé láti bò ó dáadáa, òórùn amóníà ta sí mi nímú nínú oòrùn ọ̀sán. "Àbúrò, bí o ò bá bò ó, afẹ́fẹ́ ló máa jẹ ẹ́," ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nínú yẹ̀pẹ̀, yúríà á tún tú padà sí amóníà àti CO2. Àgbàdo á mú nítírójìn inú amóníà, CO2 á sì padà sójú sánmà. Kábọ́ọ̀nù tí wọ́n mú ní Lẹ́kì, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti tú u sílẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un pé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ báyìí nípa háídírójìn tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré, pé Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n ń wò fún un nítorí gáàsì wa. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé ìyẹn á jẹ́ kí owó fatiláísà wálẹ̀?" Láti ìgbà náà, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ètò tí mo bá kà.

Kí ló tiẹ̀ jẹ́ kí ayé máa pariwo háídírójìn? Lọ́dún 2023, aráyé lo nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 97. Ìfọpo àti amóníà ló gba èyí tó pọ̀ jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú gáàsì, èédú àti epo ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́nà tí kò fi kábọ́ọ̀nù púpọ̀ sójú ọ̀run kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kílò háídírójìn kan láti inú gáàsì ń bí nǹkan bíi kílò 9 sí 10 CO2. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń sọ: kí a máa lo gáàsì lọ, ṣùgbọ́n kí a gbá CO2 rẹ̀ mú, kí a sin ín sábẹ́ ilẹ̀, tàbí kí a fi iná mànàmáná tó ti ara oòrùn, afẹ́fẹ́ tàbí odò wá ya omi sí méjì.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà kejì yẹn, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń lọ bó pẹ́ bó yá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò yìí. Láti rí kílò háídírójìn kan nínú omi, iná tí a ó lò tó kìlówáàtì-wákàtí 50 sí 55. Iléeṣẹ́ Dangote àti ti Indorama ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt, tó lè ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 2.8, bí àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, háídírójìn tí wọ́n ń lò lọ́dún á tó tọ́ọ̀nù 580,000. Láti fi iná ṣe gbogbo ìyẹn, a ó nílò ohun tó ju mẹ́gáwáàtì 3,000 lọ tọ̀sán-tòru, láìṣẹ́jú. Iná tó sì ń gba orí wáyà ìjọba àpapọ̀ kọjá fún gbogbo Nàìjíríà, láti Sókótó dé Èkó, 4,000 sí 5,000 ló sábà máa ń wà. Ta ni yóò gba iná lọ́wọ́ ilé ìwòsàn àti àwọn aránṣọ láti fi ya omi? Títí di ìgbà tí iná oòrùn wa á fi pọ̀ rẹpẹtẹ, gáàsì ni ajílẹ̀ wa yóò ṣì máa jẹ. Bí a ó ṣe lò ó láìba ojú ọjọ́ jẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ìdí kan náà ni mi ò fi fara mọ́ àwọn tó fẹ́ kí a sọ gáàsì di háídírójìn, kí a tún wá sun háídírójìn náà láti fi tanná. Agbára á ṣòfò nígbà tí a bá ń yí i padà, á tún ṣòfò nígbà tí a bá ń sun ún. Iléeṣẹ́ amúnáwá Egbin tó wà ní Ìkòròdú, tó lágbára láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, àìtó gáàsì máa ń dá a gúnlẹ̀. Kí ni a wá fẹ́ fi háídírójìn ṣe níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ní kí a máa bù ú mọ́ gáàsì inú ọ̀pá, irú ọ̀pá tó ti Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ sí Kútọnu, Lomé, Tema àti Takoradi. Háídírójìn máa ń jẹ́ kí àwọn irú irin kan gan, kí wọ́n sì sán, agbára tó sì wà nínú kúbíìkì mítà rẹ̀ kan kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti gáàsì lọ. Ẹ jẹ́ kí háídírójìn dúró síbi tí nǹkan mìíràn kò ti lè rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ajílẹ̀ àti ìfọpo.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ní gáàsì bíi tiwa ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, Saudi Arabia kó tọ́ọ̀nù 40 amóníà tí wọ́n ti mú kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ránṣẹ́ sí Japan. Ní 2024, àwọn ará Japan dán an wò ní Hekinan: wọ́n fi amóníà rọ́pò ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún èédú tí ẹ̀rọ kan ń sun láti fi tanná. Jámánì ti ṣí ọ́fíìsì háídírójìn sí Abuja láti 2021. Mi ò bínú sí ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kí a ṣe amóníà tó mọ́ jù lọ, kí ó wá lọ jóná nínú ẹ̀rọ èédú lókè òkun, nígbà tí àgbẹ̀ Áfíríkà kò rí ajílẹ̀ lò. Ní 2006, àwọn olórí Áfíríkà pàdé l'Abuja, wọ́n ní títí di 2015, ajílẹ̀ tí a ń lò yóò ti dé kílò 50 lórí hẹ́kítà kan. A kò tíì dé ìdajì rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Trinidad ni ìlú tí mo máa ń fojú sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Erékùṣù kékeré ni, tí àwọn kan níbẹ̀ ṣì ń bọ Ṣàngó títí dòní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti wà lára àwọn tó ń ta amóníà jù lọ sókè òkun. Iléeṣẹ́ amóníà kún Point Lisas fọ́fọ́. Nígbà tí gáàsì abẹ́ òkun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ náà kò rí i gbà tó bí wọ́n ṣe fẹ́, àwọn kan tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Amóníà tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí amóníà kò nílò CO2, nítorí náà CO2 rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìdọ̀tí kankan nínú, ojú ọ̀run ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Irú CO2 bẹ́ẹ̀ ló rọrùn jù láti mú lórí ilẹ̀ ayé: ó ti ya sọ́tọ̀ tán, ó ku kí a kì í sínú ọ̀pá. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí Nàìjíríà dúró dìgbà tí gáàsì bá ń tán kó tó ronú kàn án.

Fún tiwa, ìṣòro ńlá ni pé a kò lè sin CO2 kan náà tí a fẹ́ fi ṣe yúríà. Ọ̀kan ni a ó mú. Bí a bá sin ín, a ó ní láti sọ amóníà di ajílẹ̀ mìíràn tí kò ní kábọ́ọ̀nù nínú, bíi amóníọ́mù náítréètì, tí òun náà lè bú gbàmù bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀. Tọ́ọ̀nù 2,750 irú rẹ̀ ló ba Beirut jẹ́ ní oṣù kẹjọ 2020. Èmi ò ní gbà kí wọ́n kó o kiri ojú ọ̀nà wa. Ẹ jẹ́ kí yúríà máa wà fún àwọn àgbẹ̀.

Ibi méjì ló kù tí a lè fọwọ́ bà lónìí. Àkọ́kọ́ ni èéfín ibi ìdáná iléeṣẹ́ ajílẹ̀, tó ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. Èkejì ni ilé ìfọpo Dangote, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ ajílẹ̀ náà gan-an, tó lè fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Háídírójìn ni wọ́n fi ń yọ imí-ọjọ́ kúrò nínú dísù níbẹ̀, CO2 tó ń ti ibẹ̀ jáde kò sì wúlò fún yúríà kankan. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn: ní Alberta, ní Kánádà, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Quest ti ń mú CO2 lára ẹ̀rọ háídírójìn láti 2015, ó sì ń sin nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ́dún. Àwọn ará Nọ́ọ́wè ti ń sin ín sábẹ́ òkun ní Sleipner láti 1996. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa: Quest kò fọwọ́ kan èéfín ibi ìdáná, kìkì èyí tó wà nínú gáàsì tí wọ́n ń yà ló ń mú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mú ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ bi í pé, 90 nínú èwo?

Ìbéèrè míràn wà tó wúwo ju ìyẹn lọ, òun ni gáàsì tó ń jò kó tó dé iléeṣẹ́ rárá. Mítéènì tó bá sá jáde láìjó, láàrin 20 ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti CO2 lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80. Ní 2021, Robert Howarth àti Mark Jacobson ṣe ìṣirò tó dá awuyewuye sílẹ̀, pé bí gáàsì bá ń jò tó bí wọ́n ṣe rò ó, háídírójìn tí a mú kábọ́ọ̀nù rẹ̀ lè burú fún ojú ọjọ́ ju kí a kàn sun gáàsì náà lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn dá wọn lóhùn pé níbi tí gáàsì kò bá ti jò púpọ̀, tí wọ́n sì mú kábọ́ọ̀nù dáadáa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́ nípa ibi tí wọ́n ń wò. Ìbéèrè tiwa ni pé: báwo ni gáàsì Nàìjíríà ṣe ń jò tó? Lórí fáàfù àti ọ̀pá tó ti gbó, lára àwọn iná gáàsì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kú tí kò sẹ́ni tó tún un tàn, mítà ló lè dáhùn, kì í ṣe ìwé ìròyìn iléeṣẹ́. NUPRC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wíwa epo àti gáàsì, gbé ìlànà jáde lórí mítéènì ní 2022. Mo kí wọn fún un. Ohun tí mo ń dúró dè ni kí wọ́n tẹ iye tí mítà kọ̀ọ̀kan kà síta, kí àwọn ará ìlú tí ọ̀pá gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá lè rí i.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọdún 1979 ni ìjọba ti ṣòfin pé kí wọ́n yéé sun gáàsì dànù, wọ́n fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984 ṣe gbèdéke. Gbèdéke yẹn kọjá, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un. Ní 2005, Jonah Gbemre láti ìlú Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Benin, adájọ́ sì sọ pé sísun gáàsì níbẹ̀ tàpá sí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn sí ẹ̀mí àti iyì. Iná kò torí ìdájọ́ yẹn kú. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ohun tí sátẹ́láìtì ń rí ni pé a ṣì ń sun ju bílíọ̀nù 5 kúbíìkì mítà dànù lọ́dún. Lórí ìwé, ìyẹn á fún wa ní nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan háídírójìn, tó ju èyí tí Dangote àti Indorama ń lò pọ̀ lọ. Lórí ilẹ̀, ó le. Àwọn iná náà fọ́n ká inú ẹrẹ̀ àti igbó ẹ̀gbà, ọ̀kan ń bẹ níhìn-ín, èkejì ń bẹ lọ́hùn-ún, gáàsì ibòmíràn kò pọ̀ tó owó ọ̀pá tí a ó fi kó o jọ. Àmọ́ kò sí èyí tó lè jẹ́ kí n gbà pé a ṣe háídírójìn tó mọ́, níwọ̀n ìgbà tí ìyá tó ń sá ẹ̀gẹ́ gbígbẹ nítòsí iná gáàsì bá ṣì ń mí èéfín yẹn símú. Bí gáàsì tí wọ́n ń rà fún háídírójìn bá jẹ́ ti pápá epo kan, ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé iná pápá epo náà ti kú ná.

Owó ńkọ́? Mímú kábọ́ọ̀nù àti sísin ín ń náni lówó, ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò san án. Ibi tí owó náà ti lè wá ni ọjà tó ti ń béèrè rẹ̀. Láti oṣù kìíní 2026, àwọn tó ń kó ajílẹ̀, amóníà àti háídírójìn wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ sanwó lórí kábọ́ọ̀nù tó bá a rìn. Àpò tó bá lọ sí Yúróòpù, kí òun ni kó san owó mítà, owó ọ̀pá CO2 àti owó ibi ìsìnkú rẹ̀. Àpò tó bá lọ sí Ìsẹ́yìn, kí wọ́n tà á bí nǹkan tí a fi gáàsì ilẹ̀ wa ṣe, kí iye gáàsì tí iléeṣẹ́ ń san ní náírà hàn nínú iye tí àgbẹ̀ ń rà á.

Ìpinnu yìí kò jìnnà mọ́. Indorama ti rí owó yá láti kọ́ ìlà yúríà kẹta sí Eleme, IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń yá àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lówó, sì wà lára àwọn tó gbé owó kalẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún 30 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú kan wà tí wọ́n ń fi ọ́síjìn jó gáàsì nínú ìkòkò ìyípadà fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo CO2 ń gbà jáde, tí ó sì rọrùn láti mú. Irú ti àtijọ́ ní ojú ọ̀nà méjì, èkejì rẹ̀, ìyẹn èéfín ibi ìdáná, sì ni wàhálà. Bí wọ́n bá ti yan irú ti àtijọ́, ó kéré tán kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nídìí ọ̀pá èéfín, kí ẹni tó bá fẹ́ mú kábọ́ọ̀nù lọ́dún mẹ́wàá òní má ṣe ní láti wó ògiri. Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Eleme àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì béèrè fún àwòrán àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí, kí wọ́n ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ fi ìka tọ́ka sí àyè náà lórí ìwé níwájú wọn.